Ọdún Ìjọ: Bí Ìwàásù àti Ìsìn Ṣe Ń Tẹ̀lé Àkókò, Láti Àgbádárìgì dé Alímọ̀ṣọ́

Kò sí ìran ènìyàn kan tí kò ní ọ̀nà tí ó ń gbà ka ọjọ́. Kí ìwé tó dé, àwọn baba Yorùbá ti ń ná ọjà ní ọrọọrún, wọ́n ń fi òṣùpá ka oṣù, wọ́n sì ń fi òjò àkọ́rọ̀, iṣu titun àti ọyẹ́ mọ ibi tí ọdún dé. Àgbẹ̀ mọ ìgbà tí a ń ṣán oko, ó mọ ìgbà tí a ń kọ ebè. Àwòrò mọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà rẹ̀. Irú ilẹ̀ báyìí, tí àkókò kò ṣófo rárá, ni àwọn oníwàásù ìsìn Kírísítì gúnlẹ̀ sí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún pẹ̀lú kàlẹ́ńdà mìíràn lọ́wọ́. Kàlẹ́ńdà náà ni a ń pè ní ọdún ìjọ. Ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ béèrè bí kàlẹ́ńdà tí a ṣe ní òkèèrè ṣe di ti àwọn ènìyàn Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, àwọn tí ó jà kí ó tó rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ó ń dojú kọ lónìí.

Ọdún ìjọ kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní bí ọdún ìjọba. Ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá súnmọ́ ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá jù lọ, èyí tí í ṣe ọjọ́ ìrántí Áńdérù Mímọ́, ni ó ń ṣí i. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin ni a fi ń retí Bíbọ̀ Olúwa. Kérésìmesì a wọlé ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, Ìfihàn a sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní. Lẹ́yìn èyí ni Ọjọ́rú Eléérú yóò ṣí ilẹ̀kùn Lẹ́ńtì, ìgbà ààwẹ̀ ogójì ọjọ́. Bí ènìyàn bá ka ọjọ́ láti Ọjọ́rú náà títí dé Sátidé tí ó ṣáájú Àjíǹde, yóò rí i pé ọjọ́ 46 ni. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. A kì í ka Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà tí ó wà láàárín mọ́ ààwẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ayọ̀ Àjíǹde ni Ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ní ogójì ọjọ́ Àjíǹde ni Ìgòkè-re-ọ̀run, ní àádọ́ta ọjọ́ rẹ̀ ni Pẹ́ńtíkọ́sì, Ọjọ́ Ìsinmi tí ó sì tẹ̀lé Pẹ́ńtíkọ́sì ni ti Mẹ́talọ́kan. Láti ibẹ̀, àkókò gígùn kan tí kò ní ọdún ńlá púpọ̀ nínú ni ó ń gbé ìjọ padà dé Bíbọ̀ Olúwa.

Àjíǹde ni òpó tí ó gbé ilé yìí dúró, òpó náà kì í sì í dúró sójú kan. Òfin tí a so mọ́ ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó jókòó ní Nìséà ní ọdún 325 ni pé kí gbogbo ìjọ máa ṣe Àjíǹde ní ọjọ́ kan náà. Bí àwọn ìjọ ìwọ̀-oòrùn ti ń ṣírò rẹ̀, Ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú tí ó yọ ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ọdún náà fi ń bọ́ sí àárín ọjọ́ 22 oṣù Kẹta àti ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin. Ẹni tí ó bá rò pé àwọn mùsùlùmí àti àwọn baba ńlá nìkan ni ó ń wo òṣùpá kí wọ́n tó ṣe ọdún kò tíì yẹ ìwé wò dáadáa. Onígbàgbọ́ náà ń wo òṣùpá, àmọ́ inú ìwé ìṣírò ni ó ti ń wò ó.

Kí ni ìwúlò irú ètò báyìí fún ìwàásù? Ìwé Àdúrà ti ìjọ Áńgílíkà, èyí tí a tẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1662, yan àdúrà, Èpísítélì àti Ìhìnrere fún Ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ètò náà sọ ọdún di ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé, tí ó bá sáà ti jókòó sínú ìjọ fún oṣù méjìlá, yóò ti gbọ́ ìtàn Jésù láti inú oyún dé orí àgbélébùú, láti inú ibojì dé ọ̀run, yóò sì ti gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìgbà gígùn tí ó tẹ̀lé Mẹ́talọ́kan. Ó tún de oníwàásù lọ́wọ́. Ẹni tí ó fẹ́ràn láti máa wàásù lórí ọrọ̀ nìkan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́rú Eléérú. Ẹni tí ó sì fẹ́ràn láti máa fi iná ọ̀run àpáàdì dẹ́rù ba ènìyàn, dandan ni kí ó mú inú dídùn wá ní òwúrọ̀ Àjíǹde. Àkókò ni ó ń yan ọ̀rọ̀ fún oníwàásù, kì í ṣe oníwàásù ni ó ń yan ọ̀rọ̀ fún àkókò.

Àgbádárìgì ni ètò yìí ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì tí baba rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí Ṣódẹkẹ́ ti gbà á lálejò. Nígbà tí ó padà dé Àgbádárìgì ní ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, ó bá Henry Townsend, ẹni tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán wá láti Sàró. Ìjọ méjèèjì kò bára wọn du ipò. Wọ́n jọ sin Ọlọ́run ní ọjọ́ Kérésìmesì 1842. Kò sí ilé ìjọsìn, kò sí dùùrù, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ àdúrà náà sì wà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọdún ìjọ ti ní ìtàn lórí ilẹ̀ yìí. Igi Àgíà tí a ti wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní ìlú náà wà lórí ìdúró títí di 1959, kí ó tó wó.

Kérésìmesì tí a ṣe ní èdè àjèjì kò lè pẹ́ kí ó tó sú ènìyàn. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, ni ó fi èdè Yorùbá sínú ọdún ìjọ. Ó dàbí ẹni pé kàlẹ́ńdà náà ń tẹ̀lé e káàkiri. Ọjọ́ Mẹ́talọ́kan, ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 1843, ni a fi í joyè díákónì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ Pétérù Mímọ́, ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864, ni a sì yà á sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Láàárín ọjọ́ méjèèjì ni iṣẹ́ ńlá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní 1844, nígbà tí ọdún Ìfihàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn Yorùbá tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú ní Freetown. Inú orí kìn-ín-ní Ìhìnrere Lúùkù, níbi tí áńgẹ́lì ti ń bá Màríà sọ̀rọ̀, ni ó ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó ti ń gbàdúrà ni àwọn ènìyàn ń dáhùn pé kí ó ṣẹ. Wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó kọ́ wọn ní Àmín; bí a ti ń ṣe àṣẹ nílé ni wọ́n ṣe é.

Ìtumọ̀ Ìwé Àdúrà àti ti Bíbélì tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, títí Bíbélì Yorùbá fi pé ní odindi ní 1884. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè fi ara balẹ̀ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ọdún ìjọ ń lò. Àjíǹde kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì létí Yorùbá. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí a fẹ́ lọ sùn, a máa ń ṣe àdúrà pé kí àjíǹde ara ó jẹ́. Ìkórè ń ránni létí oko àti irè. Ọ̀rọ̀ tí ó sì jinlẹ̀ jù nínú wọn ni ọdún fúnra rẹ̀. Lẹ́nu Yorùbá, ọdún ni oṣù méjìlá, ọdún náà sì ni àjọ̀dún tí a ń ṣe fún òrìṣà tàbí fún Ọlọ́run. Ohun tí àwọn èdè mìíràn fi ọ̀rọ̀ méjì sọ, ẹnu kan ni Yorùbá fi sọ ọ́. Nítorí náà, nígbà tí oníwàásù sọ pé ìjọ ní ọdún tirẹ̀, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà rú lójú.

Ohun tí ó rú àwọn ènìyàn lójú ni ojú ọjọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àárín òtútù ni Kérésìmesì ń bọ́ sí, Àjíǹde a sì bá ìgbà tí òdòdó ń tanná lẹ́yìn òtútù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọyẹ́ ni ó ń fẹ́ ní Kérésìmesì, tí ètè ń sán, tí eruku ń bo ewé. Lẹ́ńtì a bọ́ sí ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń parí lọ, tí oúnjẹ inú àká ti ń dínkù, tí àgbẹ̀ ń sun igbó tí ó ṣán. Eérú tí a ń fi sí iwájú orí ní Ọjọ́rú Eléérú bá eérú inú oko mu. Àjíǹde a dé bí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, tí a ń gbin àgbàdo. Ẹni tí ó ń wàásù nípa hóró tí ó kú sínú ilẹ̀ kí ó tó hù kò nílò àlàyé gígùn. Pẹ́ńtíkọ́sì a bá òjò ńlá pàdé, àkókò gígùn tí ó tẹ̀lé Mẹ́talọ́kan a sì jẹ́ ìgbà ìtúlẹ̀, ìgbà iṣẹ́ tí kò ní ariwo. Bí a bá wò ó dáadáa, ọdún ìjọ bá oko Yorùbá mu ní ọ̀nà tí àwọn tí ó gbé e wá kò rò tẹ́lẹ̀.

Ìdíwọ́ kò ṣàì sí. Ọjọ́ ọjà ń yípo ní ọrọọrún, Ọjọ́ Ìsinmi sì ń yípo ní ọjọ́ méje-méje. Bópẹ́bóyá, méjèèjì yóò pàdé ní ọjọ́ kan náà. Obìnrin tí ó jẹ́ onígbàgbọ́ níláti yàn láàárín àtẹ rẹ̀ àti ìjọ rẹ̀, ní ìgbà tí ọmọ ń dúró de oúnjẹ. Màrìwò ọ̀pẹ náà tún di ọ̀rọ̀. Lójú àwọn àgbà, aṣọ Ògún ni màrìwò. Oníwàásù níláti ṣàlàyé ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ìdí tí àwọn ọmọ ìjọ fi ń jù ú káàkiri ìgboro. Ọ̀nà kan náà tí ó lè dàrú mọ́ ènìyàn lójú ni ó tún jẹ́ kí ọdún náà yé wọn, nítorí ẹni tí a fi màrìwò pàdé, ẹni ọlá ni.

Nínú gbogbo ọdún tí ìjọ ń ṣe, Ìkórè ni ó wọ Yorùbá lára jù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú àwọn ọdún àtètèkọ́ṣe ìjọ. Ní 1843 ni àlùfáà kan tí ń jẹ́ Robert Stephen Hawker ṣe ìsìn ìdúpẹ́ ìkórè ní Morwenstow ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ibẹ̀ ni àṣà náà sì ti tàn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó bá ọdún iṣu titun tí ó ti wà nílẹ̀. Àwọn ènìyàn tí ó mọ̀ pé a kì í jẹ iṣu titun kí a má dúpẹ́ rí i pé ìjọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣu, àgbàdo, ewúrẹ́, adìẹ àti obì ni wọ́n ń kó wá síwájú pẹpẹ, a ó sì tà wọ́n fún iṣẹ́ ìjọ. Nígbà tí C.M.S. ń fẹ́ kí àwọn ìjọ máa bọ́ àlùfáà tiwọn, owó Ìkórè di òpó pàtàkì. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ̀dùn ọkàn kan ti wọlé. Nígbà tí àwọn ènìyàn kúrò lóko tí wọ́n di òṣìṣẹ́ ìlú, ọrẹ oko di owó tí a ń bù lé ènìyàn lórí, ẹni tí kò sì ní irè kankan nílé náà níláti wá nǹkan mú wá. Ìdúpẹ́ tí ó di gbèsè ti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ nù. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì parí ní ọ̀pọ̀ ìjọ títí di òní.

Bí ìtàn náà ṣe súnmọ́ Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ ti àgbẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹwàá 1901, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Breadfruit, Èkó, bínú kúrò nítorí ọwọ́ tí àwọn aláṣẹ fi mú James Johnson, àlùfáà wọn tí a ti sọ di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn ni wọ́n dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú olórí wọn ni Jacob Kehinde Coker, ẹni tí ó ní oko kòkó ńlá ní Ìfàkọ̀ ní agbègbè Àgége, tí ó bá Alímọ̀ṣọ́ pààlà. Àwọn lébìrà ń ti ilẹ̀ Yorùbá òkè wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ bí a ti ń gbin kòkó, wọ́n sì ń gbọ́ ìwàásù ní Ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, kòkó àti ìsìn ni wọ́n jọ kó lọ. Ìjọ tí ó bínú sí àwọn òyìnbó yìí kò sọ ọdún ìjọ nù. Wọ́n mú Ìwé Àdúrà àti orin dání, wọ́n sì ń ṣe Lẹ́ńtì àti Àjíǹde bí ti àtẹ̀yìnwá. Ẹni tí ó ń jà kò bá kàlẹ́ńdà jà. Ẹni tí yóò máa darí rẹ̀ ni ìjà wà lé lórí.

Àwọn ìjọ Aládùúrà fi ẹ̀rí mìíràn hàn. Ní oṣù Kẹfà 1925, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Christiana Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n lọ wo ìtò ọdún Ara Kírísítì tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ń ṣe ní àdúgbò Campos ní Èkó. Lẹ́yìn ìwòran náà ni ó bọ́ sínú ìran. A ránṣẹ́ pe Moses Orímọládé, wòlíì tí ó ń wàásù káàkiri, láti gbàdúrà fún un. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí ó di Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi Máíkẹ́lì Mímọ́ ṣe Balógun wọn. Ọdún kan nínú kàlẹ́ńdà Róòmù ni ó ṣí ìlẹ̀kùn fún ìjọ tí kò sí lábẹ́ Róòmù rárá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1947, ọjọ́ tí Ìwé Àdúrà yà sọ́tọ̀ fún Máíkẹ́lì àti gbogbo Áńgẹ́lì, ni Samuel Bilewu Oschoffa, káfíńtà tí ó ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wá, dá Ìjọ Mímọ́ ti Kírísítì láti Ọ̀run sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Àwọn ìjọ wọ̀nyí tún fi ọdún tiwọn kún un. Ìjọ Olúwa tí Josiah Ọ̀ṣítẹ̀lú dá sílẹ̀ ní Ògèrè ń ṣe ọdún Òkè Tábórà ní oṣù Kẹjọ láti 1937, àwọn ìjọ Sẹ̀lẹ́ sì ń rìnrìn-àjò lọ sí Ìmẹ̀kọ ní Kérésìmesì.

Ìjà tí ó gbóná jù ni ti ìlù àti ohùn. Thomas Ekundayo Phillips, tí ó darí orin ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti 1914 títí di 1962, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá ní 1953 pé orin ìsìn gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn èdè. Bí ohùn orin òyìnbó bá gbé ọ̀rọ̀ sókè níbi tí ó yẹ kí ó lọ sílẹ̀, ọkọ́ lè di ọkọ̀, ìjọ yóò sì máa kọ ohun tí kò yé e. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láti 1947, àlùfáà Kátólíìkì kan, Kevin Carroll, kó àwọn agbẹ́gilére jọ láti gbẹ́ ère Kérésìmesì. Lamidi Fákẹ́yẹ, mùsùlùmí ni, wà lára wọn. Nínú iṣẹ́ wọn, àwọn amòye tí ó wá kí Jésù dé adé ìlẹ̀kẹ̀ bí ọba Yorùbá.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1961, Dúró Ládipọ̀, olùkọ́ tí baba rẹ̀ jẹ́ kátékíìsì, gbé orin ọdún Àjíǹde kalẹ̀ nínú ìjọ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù dùndún sí i. Àwọn kan nínú ìjọ yarí pé ìlù abọ̀rìṣà kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó gbé orin Kérésìmesì rẹ̀ lọ sí ìta ìjọ, sí ẹgbẹ́ Mbari ní Ìbàdàn. Bí eré rẹ̀ ṣe kúrò nínú ìjọ nìyẹn, tí ó fi di ọ̀gá nínú eré orí ìtàgé, tí ó sì gbé Ọba Kò So dé Berlin ní 1964. Tíátà Yorùbá jèrè rẹ̀. Ìjọ ni ó pàdánù. Ní oṣù Kejìlá 1963, ìgbìmọ̀ ìjọ Kátólíìkì ní Róòmù fi ọwọ́ sí i pé kí a máa lo èdè ìbílẹ̀ nínú ìsìn. Kò pẹ́ tí ìlù tí a lé jáde ní Òṣogbo fi ń dún níwájú pẹpẹ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó bá kú ní òwúrọ̀ kò ní mọ ẹni tí yóò jẹ oúnjẹ alẹ́.

Nísinsìnyí, ó tó kí a padà sí Alímọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ Àwórì ni, ilẹ̀ oko àti abúlé, tí ó wà lábẹ́ ẹkùn Ìkẹjà kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Bí Èkó ti ń fẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń wá ilẹ̀ ilé lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, Ìpájà, Ìdímù, Ìkòtún àti Ìgándò. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ìjọ Áńgílíkà dá dáyósíìsì Ìwọ̀-Oòrùn Èkó sílẹ̀ ní 1999 nítorí irú ìbísí bẹ́ẹ̀. Ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, a ń rí àwọn ọmọdé tí ó mú màrìwò lọ́wọ́ lójú títì láàárín dánfó àti kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ́yìn Àjíǹde, àwọn ìjọ a jáde lọ sí Gálílì, ìyẹn ni pé wọ́n ń ṣe ìgbafẹ́ láti ránti pé Jésù ní òun yóò ṣáájú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn òun lọ síbẹ̀. Aládùúgbò tí ó jẹ́ mùsùlùmí a gba abọ́ ìrẹsì ní Kérésìmesì, òun náà a sì fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ padà.

Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà mìíràn ti dé. Ìsìn àìsùn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, tí ó ti ọwọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì ìgbà John Wesley wá, ni ó ń kún jù ní ìgboro báyìí, ó tilẹ̀ ń borí Kérésìmesì ní ibòmíràn. Láti 1998, ìpàdé ńlá oṣù Kejìlá ti ìjọ Rìdíìmù ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ. Ààwẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní ti ń gba ipò Lẹ́ńtì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Ìkòtún, àwọn àlejò láti òkè òkun a máa wá nítorí orúkọ oníwàásù, láìbéèrè àkókò tí ìjọ wà. Ìjọ púpọ̀ ni ó ń fún ọdún kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, pé ọdún ìgbéga ni tàbí ọdún ìṣẹ́gun, gbogbo ìwàásù oṣù méjìlá a sì dúró lórí rẹ̀.

Àwọn tí ó fara mọ́ ìyípadà yìí ní àwíjàre. Wọ́n ní Ìwé Mímọ́ kò pàṣẹ Lẹ́ńtì, àti pé ìwé tí a ń kà ní àkàtúnkà lè di àṣà tí kò ní ẹ̀mí. Ìjiyàn náà kì í ṣe titun. Ní 1647, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de Kérésìmesì àti Àjíǹde, wọn kò sì tún fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí ọba fi padà sórí oyè ní 1660. Àwọn onítẹ̀bọmi tí ó ti Amẹ́ríkà wá láti 1850 náà kò fi Lẹ́ńtì ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn, ìjọ wọn sì gbilẹ̀. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àmọ́ ó yẹ kí a wo apá kejì. Ìjọ tí gbogbo ọdún rẹ̀ jẹ́ ọdún ìgbéga, kí ni yóò sọ fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹta, tàbí fún ìyá tí ó sin ọmọ? Ọdún ìjọ ní àyè fún ẹkún, ó sì ní àyè fún ẹ̀rín. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àìnígbàgbọ́ ni ìbànújẹ́. Ọjọ́ Ẹtì Rere kò ṣeé fò kọjá kí a tó dé Àjíǹde.

Ọdún 2020 dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, nínú Lẹ́ńtì gan-an, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó nítorí àrùn kòrónà. Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin. Kò sí ìtò ọ̀pẹ, kò sí Gálílì; ilẹ̀kùn ìjọ wà ní títì títí di oṣù Kẹjọ. Orí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni ìwàásù gbà wọlé. Nínú ìdílé tí ó mọ ọdún ìjọ, baba tàbí ìyá ṣí Ìwé Àdúrà, ó ka ohun tí a yàn fún ọjọ́ náà, àwọn ọmọ sì dáhùn. Wọ́n ṣe Àjíǹde láìsí àlùfáà, nítorí pé ọdún náà ti wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ohun tí Crowther ń wá ní Freetown nìyẹn: kí ìsìn wà lẹ́nu àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò ní dúró de ẹni tí yóò kọ́ wọn ní Àmín.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò mọ sọ́dọ̀ onígbàgbọ́ nìkan. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní ìtàn lè fi í hàn pé àwọn Yorùbá kò kàn gba ohun tí a gbé fún wọn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n jà lé e lórí, wọ́n fi oko, ìlù àti èdè wọn sínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń gbé ní Ìgándò tàbí Ẹ̀gbẹ́dá kò nílò láti rìn jìnnà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Kí ó bi àwọn àgbà ìjọ àdúgbò rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n máa ń mú wá sí Ìkórè nígbà tí oko ṣì wà níbi tí ilé wà báyìí, àti orin tí wọ́n ń kọ ní òwúrọ̀ Àjíǹde. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn àgbà náà tó lọ. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọdún tí a kò bá mọ ìdí tí a fi ń ṣe é, ìsinmi lásán ni yóò dà.